Kọ́ Odi, Má Yan Odì

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*



*Bíbélì kíkà:* Orin Dáfídì 141:3, Jákọ́bù 3:2-10, Mátíù 5:23-24

Jọ̀ọ́, ṣí Bíbélì rẹ kí o tó ka ìyókù. Níbi àkọ́kọ́, wàá rí i pé Dáfídì ń bẹ Olúwa pé kó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu òun. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń gba àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n mo gbà á sódì fún ọdún mẹ́rin gbáko. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ọ, kí ìwọ má baà ṣe irú rẹ̀.

*Odi tó wà lẹ́nu ọ̀sà*

Bí o bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay ní Èkó rí, o ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu ọ̀sà nìyẹn, níbi tí omi ọ̀sà gbé ń pàdé omi òkun. Odi òkúta méjì ló nà wọnú òkun níbẹ̀, ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn, ìkejì lápá ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe jẹ́tì tí a ti ń wọ ọkọ̀ ni mò ń wí o. Òkúta gidi ni, tí wọ́n tò lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ omi títí tó fi yọ síta. Ọkọ̀ ńlá tó bá ń bọ̀ ní Àpápá, àárín odi méjèèjì ló máa gbà wọlé.

Kí wọ́n tó kọ́ odi yìí, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó. Kì í ṣe pé kò sí omi o. Yanrìn ló dí ẹnu ọ̀nà. Ìgbì a máa kó yanrìn wá dá jọ sẹ́nu ibẹ̀. Lónìí á wà lápá ọ̀tún, lọ́la á ti ṣí lọ sápá òsì, atukọ̀ ò ní mọ ibi tí òun máa gbà. Ọkọ̀ ńlá á dúró lójú òkun lóde, ọkọ̀ kékeré á wá máa lọ kó èèyàn àti ẹrù. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Forcados lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ẹ̀mí ṣòfò lẹ́nu ibẹ̀, dúkìá náà ṣòfò.

Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ odi náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta rẹ̀, ní àdúgbò Aro, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó o wá sí Èkó.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé wọn ò kọ́ odi yẹn láti dí ẹnu omi. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹnu omi lè ṣí sílẹ̀ ni. Nígbà tí omi bá ń gba àárín odi méjì jáde, ààyè rẹ̀ á fún, á wá máa sáré. Eré yẹn ló ń gbá yanrìn kúrò nílẹ̀, tí ọ̀nà fi ń jìn tó fún ọkọ̀ ńlá.

Ẹ̀ṣọ́ tí Dáfídì ń tọrọ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ onílé sínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó yẹ lè wọlé, kí ẹni tó yẹ sì lè jáde. Bí Ọlọ́run bá ṣọ́ ẹnu rẹ, ọ̀rọ̀ rere gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Èyí ni mi ò mọ̀.

*Ọ̀rọ̀ tí mo sọ*

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá wa kú, a ṣe ìpàdé lórí ìsìnkú. Àwọn àna rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi sọ pé ká má náwó kọjá agbára wa. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí káàkiri, ojú sì ń tì mí láti yí i padà. Inú bí mi. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bọ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin bá wà.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Gbogbo wa la mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ síta rí.

Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀ pé ó ti fọ́. Kí ni mo wá ṣe? Mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò bú u, mi ò rojọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì pè é. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, mo fi owó rán èèyàn sí wọn. Bí a bá pàdé níbi ayẹyẹ ẹbí, á ní, “Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi.” Màá ní, “Ǹlẹ́ o.” Ó parí. Ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Àwọn ará ilé ń yìn mí. Wọ́n ń sọ pé, “Pásítọ̀ mà ní sùúrù o. A ò gbọ́ kí wọ́n sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí.” Mo gbà pé àdúrà Dáfídì ti gbà lórí mi nìyẹn. Ará, kì í ṣe odi ni mo kọ́ o. Odì ni mo yàn. Yanrìn ló dí ẹnu mi, mo ń pè é ní ẹ̀ṣọ́.

*Bàbá apẹja*

Lọ́dún tó kọjá, àwa ọkùnrin ìjọ lọ gbàdúrà létíkun lápá Tarkwa Bay. Nígbà tí a parí, mo rìn dé ibi odi náà. Mo rí ibi tí òkúta ti yẹ̀ lórí ara wọn, tí omi ń gba àárín wọn kọjá. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja. Wọ́n ti gbọ́ àdúrà wa. Mo kí wọn, mo ní, “Bàbá, òkúta tó tóbi tó báyìí, kí ló lè ṣí i nípò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Pásítọ̀, orí rẹ̀ lẹ̀ ń wò. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ti bá àwọn tó ń tún odi òkúta ṣe lẹ́nu omi ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n ní omi máa ń jẹ yanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ odi díẹ̀díẹ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ á rì. Èyí tó gbé ara lé e á yẹ̀, ìgbì á yí i dànù. Òkúta kéékèèké tó wà nínú á wá hàn síta, omi á máa kó wọn lọ. Lójú ẹni tó wà lókè, á dà bíi pé odi wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe ọjọ́ kan.

Mo bi wọ́n pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?”

“Wọ́n á dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìgbì bá rọlẹ̀. Wọ́n á wọn jíjìn omi, òmùwẹ̀ á wọlé lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tò. Bí ẹ bá kàn ń da òkúta sórí, ẹ kàn ń fi òkúta bọ́ òkun ni.”

“Àwọn òkúta ńlá yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn máa ń dà wọ́n sílẹ̀ ni?”

“Háà, rárá o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kíréènì ń gbé wọn. Wọ́n á yí i síbí, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi dì í mú lápá mẹ́ta, ó kéré tán. Èyí tó bá ń mì, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á tún un gbé.”

Mo wo àárín àwọn òkúta náà. “Wọn ò sì fi sìmẹ́ǹtì dí àlàfo yìí?”

“Àlàfo yẹn ni agbára rẹ̀, Pásítọ̀. Ìgbì tó bá dé á wọ inú rẹ̀, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì rẹ̀ ẹ́. Ògiri tó bá dán, tó dì pa, ṣe ló máa ń ta ìgbì padà. Ìgbì tó bá sì ta padà, ẹsẹ̀ ògiri ló ń gbẹ́.”

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Ni bàbá bá na ọwọ́ sí òdìkejì, sápá Victoria Island. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ mọ ohun tí odi yìí fi ojú aládùúgbò rẹ̀ rí?”

Létíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti yanrìn lọ. Nígbà tí odi dé, yanrìn dúró sẹ́yìn rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, etíkun ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Apá ìlà-oòrùn ò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́. Bar Beach tí gbogbo èèyàn mọ̀ nígbà kan, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí odi ti wà, òkun jẹ ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Léraléra ni ìjọba ń da yanrìn sí i, òkun tún ń kó o lọ, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi ńlá mìíràn ní Eko Atlantic.

Odi yìí ṣe Èkó lóore, a ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n apá kan ń kó yanrìn jọ, apá kejì ń ṣòfò. Mi ò lè dá bàbá lóhùn mọ́. Àbúrò mi ni mo ń rò. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń yìn mí pé mo ní sùúrù, kí ló ń jẹ etíkun tiẹ̀?

*Ẹsẹ̀ odi*

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe àbúrò mi. Kò gbé e. Mo kọ ọ́ sí WhatsApp pé, “Má bínú sí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn.” Ó kà á. Kò fèsì. Inú fẹ́ bí mi, kí n má purọ́. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ bàbá: mo kàn ń da òkúta sórí ni. “Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn” kì í ṣe ohun kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Ó gbé omi fún mi. Nígbà tí mo ní kó má bínú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi mí ní ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.”

Mo bi í. Ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó òun kì í fẹ́ lọ sílé wọn mọ́, torí pé bó bá ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n máa ń fi bú u. Ó ní nígbà tí òun rí iṣẹ́, inú òun ò dùn, torí pé ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun ni pé àwọn àna òun á gbọ́. Ó wá dákẹ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn, wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìpàdé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló bi òun pé, “Dádì, ṣé mọ́mì ló ń bọ́ yín ni?”

Ará, ẹsẹ̀ odi nìyẹn. Abẹ́ omi ló wà. Láti ọdún mẹ́rin, mi ò mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́.

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe ọmọ yẹn, mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa mọ́ bàbá rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ ìyàwó àbúrò mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ lé wọn dé ilé àwọn àna, mo dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀, mo sọ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú wọn, ìwọ̀sí ni, ìgbéraga ló sì mú mi sọ ọ́. Kò rọrùn. Bàbá ìyàwó ò tilẹ̀ dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo tún padà lọ.

Mi ò ní sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò mi ò wá sílé mi. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, fóònù mi dún, òun ló pè. Ó ní mọ́tò òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé mo mọ mẹkáníìkì kankan lápá Ìkòròdú? Mo dá a lóhùn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Ọkọ̀ kékeré kan ti wọlé.

*Ìwọ ńkọ́?*

Ta ni ìwọ bá ń yan odì láàárọ̀ yìí? Ṣé ìyàwó rẹ ni, tí ẹ jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé nìkan lẹ jọ ń sọ? Ṣé ọmọ rẹ tó wà lókè òkun ni? Ṣé ẹni tí ẹ jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ni?

Wo ohun tí Jésù wí nínú Mátíù 5. Kò ní bí ìwọ bá ní nǹkan sí arákùnrin rẹ. Ó ní bí o bá rántí pé arákùnrin rẹ ní nǹkan sí ọ. Ó ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ọrẹ sórí pẹpẹ, mo sì ń wàásù níbẹ̀.

Bí o bá fẹ́ tún odi ẹnu rẹ ṣe, gbọ́ nǹkan mẹ́rin yìí:

*1. Wá ẹsẹ̀ rẹ̀.* Béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe, kí o jókòó gbọ́ ọ. Má ṣe wí àwíjàre. Òmùwẹ̀ tó ń bẹ̀rù omi ò lè wo ẹsẹ̀ odi.

*2. Gbé òkúta kọ̀ọ̀kan.* Dárúkọ ohun tí o ṣe. Bó bá jẹ́ ojú àwọn èèyàn lo ti sọ ọ́, ojú wọn ni kí o ti tún un ṣe. Èyí tó bá ń mì, tún un gbé.

*3. Fi àlàfo sílẹ̀.* Ẹni tí o ṣẹ̀ lè fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ọ. Má ta á padà. Jẹ́ kó wọlé, kó fọ́, kó rẹ̀ ẹ́.

*4. Máa padà lọ wò ó.* Òkun kì í gba ìsinmi. Odi tí a tún ṣe lónìí, a ó tún un ṣe lọ́la. Má sọ pé, “Ṣebí mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.”

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un o: bó bá jẹ́ pé ẹni náà ń lù ọ́, tàbí ẹ̀mí rẹ wà nínú ewu lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò sọ pé kí o padà sínú ilé yẹn. Wá ibi ààbò, kí o sì sọ fún àwọn àgbà ìjọ tí o fọkàn tán. Yíyẹra fún ewu kì í ṣe yíyan odì.

Jákọ́bù fi ahọ́n wé ìtọ́kọ̀, ohun kékeré tó ń darí ọkọ̀ ńlá. Bóyá ọkọ̀ kan ti ń dúró lójú òkun fún ọ látọjọ́ pípẹ́, tó kún fún àlàáfíà, tó kún fún ìdùnnú ilé, tí kò rí ọ̀nà wọlé. Ẹnu rẹ ni yanrìn dí.

*Iṣẹ́ òní:* Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀. Lábẹ́ orúkọ náà, kọ ọ̀rọ̀ tí o sọ gan-an, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, pè é, tàbí kí o bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

*Àdúrà:* Baba mi ọ̀run, mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu mi mọ́lẹ̀, mo sì pè é ní sùúrù. Dárí jì mí. Fi ohun tí ọ̀rọ̀ mi bàjẹ́ hàn mí, kí o sì fún mi lágbára láti lọ síbẹ̀. Ṣọ́ ẹnu mi, Olúwa, kí ire lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí mo ṣẹ̀, tù ú nínú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.

Bí ẹnì kan bá wà tí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ẹni tí o ṣẹ̀, má fi èyí ránṣẹ́ sí i. Pè é fúnra rẹ.